Ilé Là Á Wò Ká Tó Sọ Páńẹ́ẹ̀lì Lórúkọ

Bí ẹ bá ti gbé Ìgàndò rí ní oṣù Kejì tàbí oṣù Kẹta, ẹ ó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ojú ọjọ́ lè wà ní bíi 33°C lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n abẹ́ páànù á gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí iná bá tún wá lọ, tí fáànù dúró, oníkálukú á gbé àga jáde sí ẹnu ọ̀nà. Nínú ilé tiwa, Màmá Àgbà kì í sùn nínú yàrá wọn láti oṣù Kìíní títí òjò á fi bẹ̀rẹ̀. Kọ́rídọ̀ ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹní sí.

Ohun tó mú kí bàbá mi ra páńẹ́ẹ̀lì fóòmù lọ́dún tó kọjá nìyẹn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ẹni tó tà á fún wọn sọ tó wọ̀ wọ́n létí: “Bàbá, á mú ilé yín tutù.” Owó tí wọ́n ti ń tọ́jú láti fi ra ẹ̀rọ tó ń fa omi ni wọ́n kó lé e. Káfíńtà wá, ó lẹ páńẹ́ẹ̀lì náà mọ́ ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá Màmá Àgbà látinú, ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, Màmá Àgbà ká ẹní wọn padà sí kọ́rídọ̀. Wọ́n ní yàrá náà tún wá móoru ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Gbogbo ilé gbà pé gbájú-ẹ̀ ni ẹni tó tà á. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fara balẹ̀ kà nípa bí irú páńẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, mo rí i pé ojúlówó ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n fi tà á ni kò tọ́, ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn ló sì darí káfíńtà sí ibi tí kò yẹ. Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ń náni lówó báyìí, iṣẹ́ tiwa ti wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí páńẹ́ẹ̀lì ń ṣe sí ooru, ibi tó yẹ kó wà nínú ilé, àti orúkọ tó yẹ ká pè é kí ẹni tó fẹ́ rà á má bàa ṣìnà.

Ooru ló ń rìn, òtútù kì í rìn

Nínú èdè wa, a máa ń sọ pé “ooru ń mú mi,” a sì máa ń sọ pé “òtútù ń mú mi.” Ooru ni olùwà gbólóhùn kìíní, òtútù ni olùwà gbólóhùn kejì, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Ẹni tó bá tẹ̀ lé gírámà nìkan á gbà pé nǹkan méjì ló wà níta tó lè wá bá ènìyàn: ooru ọ̀tọ̀, òtútù ọ̀tọ̀.

Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò rí i bẹ́ẹ̀. Ooru nìkan ló ń rìn. Láti ibi tó gbóná ló ti máa ń lọ sí ibi tó tutù jù ú lọ, kò sì ní dúró títí ibi méjèèjì á fi dọ́gba. Òtútù kàn jẹ́ orúkọ tí a fún ibi tí ooru kò pọ̀ sí. Nígbà tí ẹ bá di píọ̀ wọ́tà tó ti dì mú, òtútù kọ́ ló ń wọ inú ọwọ́ yín. Ooru ọwọ́ yín ló ń sá wọ inú yìnyín.

Ẹ wo kúlà òde àríyá. Láàárọ̀, wọ́n á fi kúlà gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wá láti ilé alásè, á sì máa rú èéfín nígbà tí wọ́n bá ṣí i. Lọ́sàn-án, irú kúlà kan náà ni wọ́n á da yìnyín sí kí wọ́n tó kó mínírà lé e lórí. Ẹnikẹ́ni kì í sọ fún kúlà pé, “Ìrẹsì nìyí, mú un gbóná,” tàbí “Mínírà nìyí, mú un tutù.” Iṣẹ́ kan náà ni kúlà ń ṣe nígbà méjèèjì: kò jẹ́ kí ooru tètè kọjá. Ooru ìrẹsì kò tètè rí ọ̀nà jáde, ooru ìta kò sì tètè rí ọ̀nà wọlé bá yìnyín. Tí ẹ bá gbé kúlà òfìfo tí ẹ dé pa sójú oòrùn, kò sí ohun tó máa tutù nínú rẹ̀.

Bí páńẹ́ẹ̀lì ṣe rí gan-an nìyẹn. Kì í dá òtútù sílẹ̀. Ẹ fi àmì sí ibẹ̀ yẹn, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tó kù dúró lé.

Ọ̀nà mẹ́ta tí ooru ń gbà

Kí a tó mọ bí a ṣe lè di ooru lọ́nà, ó yẹ ká mọ ọ̀nà tó ń gbà. Mẹ́ta ni.

Ìkíní ni ìfarakàn. Ẹ fi ṣíbí onírin sínú ọbẹ̀ tó ń hó, láìpẹ́ ẹ kò ní lè di ìdí rẹ̀ mú. Ẹ fi orógùn igi rokà, ọwọ́ yín kò ní jó. Irin ń jẹ́ kí ooru tètè gba inú rẹ̀ kọjá, igi kì í jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìkejì ni ìrìn afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tó bá gbóná máa ń fúyẹ́, á gòkè, èyí tó tutù á sì rọ́pò rẹ̀ nísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èéfín fi ń lọ sókè.

Ìkẹta ni ìtànṣán. Tí ẹ bá jókòó síwájú ààrò, iwájú ẹsẹ̀ yín á gbóná bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò fara kan iná, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ láti ẹ̀yìn yín. Bí oòrùn ṣe ń ràn dé ọ̀dọ̀ wa náà nìyẹn. Páànù tí oòrùn ti pa gbóná náà ń tan irú ìtànṣán yìí sísàlẹ̀ sórí àwọn tó wà nínú ilé. Ẹni tó bá dúró sábẹ́ páànù tí kò ní àjà lọ́sàn-án máa ń mọ̀ ọ́n lára bíi pé ẹnì kan gbé àyọ́ọ̀nù sókè orí òun.

Kí ló wà nínú páńẹ́ẹ̀lì?

Ìdáhùn tó kúrú jù ni pé afẹ́fẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ tó bá dúró jẹ́ẹ́ kì í jẹ́ kí ooru kọjá ní wàràwàrà. Ohun tó le níbẹ̀ ni bí a ṣe máa mú kó dúró jẹ́ẹ́, torí afẹ́fẹ́ fẹ́ràn láti máa rìn. Fóòmù ló ń bá wa há a mọ́. Fóòmù funfun polystyrene, irú èyí tí wọ́n máa ń fi ti tẹlifíṣọ̀n tuntun nínú páálí, jẹ́ afẹ́fẹ́ ní nǹkan bí ìdá 98 nínú 100. Polyurethane tún wà, èyí tó sábà máa ń ní àwọ̀ bí ìpara. Rock wool náà wà, tí wọ́n fi òkúta yíyọ́ ṣe, tó rí bí òwú.

Wọ́n lè ta fóòmù náà lásán ní pẹlẹbẹ. Wọ́n sì lè fi irin pẹlẹbẹ méjì há a mọ́ àárín, bí ìgbà tí ènìyàn fi ẹyin díndín sáàárín búrẹ́dì. Tí ẹ bá rò pé ẹ kò rí irú èyí rí ní Ìgàndò, ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹja dídì àti tọ́kì. Ohun tí wọ́n sábà fi ń kọ́ yàrá yìnyín ńlá tí wọ́n ń kó ọjà sí nìyẹn. Ẹ̀rọ tó wà nínú yàrá náà ló ń mú un tutù. Páńẹ́ẹ̀lì ara ògiri rẹ̀ kàn ń ṣọ́ ohun tí ẹ̀rọ ti ṣe ni.

Àwọn onímọ̀ máa ń fi nọ́ńbà sọ bí ooru ṣe ń yára gba inú nǹkan kọjá. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni nǹkan náà ṣe ń di ooru lọ́nà tó. Díẹ̀ nìyí, ní W/mK:

– alumíníọ̀mù: ó lé ní 200
– irin: bíi 50
– kọnkéré: láti bíi 1 sí 1.7
– pákó: bíi 0.12 sí 0.15
– rock wool àti fóòmù polystyrene: bíi 0.035 sí 0.04
– polyurethane: bíi 0.022 sí 0.028
– afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́: bíi 0.025

Nọ́ńbà yìí nìkan kò tó, torí bí nǹkan ṣe nípọn tó náà ṣe pàtàkì. Ẹ mú ìnípọn rẹ̀ ní mítà, ẹ fi nọ́ńbà òkè yìí pín in, ẹ ó rí agbára ìdènà rẹ̀. Fóòmù polystyrene tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 jẹ́ mítà 0.05. Ẹ fi 0.04 pín in, ẹ ó rí 1.25. Kọnkéré tó máa ní irú agbára bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn tó bíi mítà 1.25 sí 2.1. Ní ti páànù alumíníọ̀mù tó nípọn tó ìdajì mìlímítà, agbára ìdènà tirẹ̀ kò tó nǹkan tí à ń kà sí rárá.

Ẹ rántí 1.25 yẹn. Ìlànà lórí ìlò agbára iná nínú ilé kíkọ́ tí Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé jáde lọ́dún 2017 béèrè pé agbára ìdènà ooru òrùlé kò gbọdọ̀ dín sí i. Ẹ kíyè sí i pé òrùlé ni wọ́n fi nọ́ńbà yẹn lé lórí.

Ọ̀nà wo ni ooru ń gbà wọ ilé wa?

Àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n. Ilé alámọ̀ àtijọ́ ní ògiri tó nípọn, òrùlé rẹ̀ sì jẹ́ koríko, imọ̀ ọ̀pẹ tàbí ewé gbọ̀dògì. Ní Ọ̀yọ́, koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo ààfin Aláàfin, débi pé ọdún Bẹẹrẹ ti ibẹ̀ jáde. Kí ni koríko tí a kó jọ nípọnnípọn bí kò ṣe afẹ́fẹ́ tí a há mọ́? Fóòmù ìgbà náà nìyẹn. Lábẹ́ òrùlé ni àjà tún wà, igi tí wọ́n tò tí wọ́n sì fi amọ̀ rẹ́. Nígbà tí páànù dé, ó gbà wá lọ́wọ́ iná àti lọ́wọ́ òrùlé tí à ń pààrọ̀ lóòrèkóòrè. Ohun tó gbà lọ́wọ́ wa ni ìdènà ooru.

Ní Ìgàndò lónìí, bí ẹ bá gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lẹ́bàá òpópónà tó lọ láti LASU sí Ìṣẹ̀rí, páànù ni ẹ ó máa rí lọ títí. Oòrùn ọ̀sán ń bọ̀ látòkè tààrà, ó sì lè mú kí páànù gbóná kọjá 60°C. Páànù á wá tan ìtànṣán sí àjà, àjà á gbóná, á tan tirẹ̀ sí wa lórí. Nítorí náà, nínú bọ́ńgálò tàbí àjà òkè pátápátá, òrùlé ni títì márosẹ̀ tí ooru ń gbà wọlé. Ògiri tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn àti fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀ ló tẹ̀ lé e. Fún fèrèsé, òjìji ló dára jù. Ẹ̀yin tó ti dé Yunifásítì Ìbàdàn á ti rí ògiri oníhò tí Maxwell Fry àti Jane Drew fi ṣíji bo àwọn ilé tí wọ́n yàwòrán rẹ̀ síbẹ̀: atẹ́gùn ń wọlé, oòrùn ò wọlé.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí yàrá Màmá Àgbà. Ara ògiri ni páńẹ́ẹ̀lì wà, títì márosẹ̀ wà ní ṣíṣí sílẹ̀ lókè. Ooru ń wọlé bó ṣe ń wọlé tẹ́lẹ̀. Lálẹ́, ọ̀ràn tún yí padà. Ènìyàn kan tó jókòó jẹ́ẹ́ ń tú ooru tó tó bíi 100 watt jáde lára, bíi gílóòbù àtijọ́ kan tó ń tàn. Màmá Àgbà àti àwọn àbúrò mi méjì ló ń sùn níbẹ̀, fíríìjì kékeré kan sì wà ní igun, tó ń tú ooru jáde láti ẹ̀yìn. A ti fèrèsé pa nítorí èéfín jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò àti ẹ̀fọn. Tẹ́lẹ̀, búlọ́ọ̀kù ògiri ń fa díẹ̀ nínú ooru yẹn mọ́ra. Nígbà tí fóòmù bo ògiri látinú, ooru kò rí ibẹ̀ lọ mọ́. A ti sọ Màmá Àgbà di ìrẹsì inú kúlà.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyí: nínú ilé tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, òrùlé ni ká kọ́kọ́ dí, ká sì fi ọ̀nà sílẹ̀ fún atẹ́gùn láti gba fèrèsé kan wọlé, kó gba òmíràn jáde. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó fóòmù lè fi ọ̀dà funfun kun páànù, torí àwọ̀ funfun máa ń dá púpọ̀ nínú ìtànṣán oòrùn padà. Bébà dídán tí wọ́n ń ta fún abẹ́ páànù náà ń ṣiṣẹ́, bí àlàfo afẹ́fẹ́ bá wà níwájú ojú rẹ̀ tó ń dán. Tí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ nǹkan, iṣẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́.

Iná

N kò lè kọ nípa fóòmù kí n má sọ̀rọ̀ iná. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2017, iná ṣẹ́ yọ láti ara fíríìjì kan nínú Grenfell Tower, ilé alájà 24 ní Lọ́ńdọ̀nù. Ènìyàn 72 ló bá a lọ. Ìgbìmọ̀ tó ṣèwádìí rí i pé páńẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi bo ara ilé náà, alumíníọ̀mù tó ní ike polyethylene láàárín, ni olórí ìdí tí iná fi gun ilé náà dókè.

Polystyrene àti polyurethane lè jó, èéfín wọn sì burú. Nítorí náà, fóòmù kò gbọdọ̀ wà ní ìhòòhò nínú yàrá. Kí simẹ́ǹtì tàbí pátákó POP bò ó. Kí wáyà iná má gba inú rẹ̀ kọjá láìsí páìpù, kó sì jìnnà sí sítóòfù. Rock wool kì í jó, ṣùgbọ́n ó wọ́n jù. Ẹni tó bá sì fẹ́ tú àjà àtijọ́ tí wọ́n fi asbestos ṣe kó tó fi fóòmù sí i, kó má ṣe fi òòlù fọ́ ọ, torí eruku rẹ̀ ń fa àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró. Kó pe ẹni tó mọ̀ ọ́n tú.

Orúkọ tó yẹ ẹ́

Ní báyìí, a ti wo ilé. Ẹ jẹ́ ká sọ ọmọ lórúkọ.

“Amúlétutù” ni a ń pe ẹ̀rọ tó ń fa ooru jáde nínú yàrá. Ẹ tú u palẹ̀: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ *a-*, ọ̀rọ̀-ìṣe *mú*, ọ̀rọ̀-orúkọ *ilé*, àti *tutù*. Orúkọ náà tọ́ sí ẹ̀rọ yẹn, torí ohun tó ń ṣe gan-an nìyẹn. Nígbà tí ọlọ́jà bá sọ pé páńẹ́ẹ̀lì “á mú ilé tutù,” aṣọ ẹlòmíràn ló gbé wọ̀ ọ́. Bàbá mi gbọ́ “mú ilé tutù,” ọkàn wọn lọ sí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ amúlétutù, ògiri ni wọ́n máa ń gbé e kọ́. Wọn kò bi í pé níbo ni kí àwọn fi sí, torí kò sí ohun tó béèrè ìyẹn nínú ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn kan lè dábàá “adín-ooru-kù.” Òun náà ń tan ni, torí páńẹ́ẹ̀lì kì í dín ooru tó ti wà nínú ilé kù. Nínú yàrá tiwa, ṣe ló tọ́jú rẹ̀.

Èyí tí èmi fara mọ́ ni adènà-ooru. Ẹ wo *dènà* dáadáa: *dè* àti *ọ̀nà* ni, ìpajẹ ló gbé fáwẹ́lì *ọ̀* lọ. Ẹni tó dènà deni máa ń wà lójú ọ̀nà kan pàtó. Ẹni tó bá gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé kọjá, kò ní bọ́ sí i lọ́wọ́. Bí páńẹ́ẹ̀lì ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Kò bìkítà bóyá ooru ń wọlé ni tàbí ó ń jáde, ẹni tó bá bá a lójú ọ̀nà ló ń dá dúró. *Ọ̀nà* tó wà nínú orúkọ náà á sì mú kí ẹni tó fẹ́ rà á béèrè ìbéèrè tó yẹ: “Ọ̀nà wo lẹ fẹ́ kó dè?” Bí ọlọ́jà kò bá lè dáhùn, kí owó padà sápò.

Nínú kíláàsì, tí a bá ń kọ́ nípa ṣíṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, a sábà máa ń bèèrè bóyá ọ̀rọ̀ tuntun bá òfin fonọ́lọ́jì mu, bóyá ó dùn-ún pè, bóyá ó kúrú. Ó yẹ ká fi ìbéèrè kan kún un: tí ẹni tí kò mọ nǹkan náà rí bá gbọ́ orúkọ yìí nìkan, ṣé á lò ó bó ṣe yẹ, àbí á ṣi í lò?

Nílé wa, a tú páńẹ́ẹ̀lì kúrò lára ògiri lóṣù tó tẹ̀ lé e. Díẹ̀ fọ́, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣì dára. Oníná kọ́kọ́ kó wáyà sínú páìpù, káfíńtà mìíràn to páńẹ́ẹ̀lì sókè àjà lábẹ́ páànù, wọ́n sì fi pátákó POP bo abẹ́ rẹ̀. A gbé fíríìjì jáde, a fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé méjèèjì kí a lè máa ṣí wọn. Yàrá náà kò tutù bí yàrá tó ní amúlétutù, ẹnikẹ́ni kò sì tún ṣèlérí bẹ́ẹ̀ fún wa. A ò tíì ra ẹ̀rọ omi. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù Kẹta dé lọ́dún yìí, inú yàrá ni Màmá Àgbà tẹ́ ẹní wọn sí.